Ṣé Ó Yẹ Kí de_bajulaiye Wọ Ìwé Ìmọ̀?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, èmi wà lára àwọn tó nawọ́ pé rárá. Ọ̀kan nínú wa, tó ní kí n má dárúkọ òun, ṣe máàpù kan fún géèmù Counter-Strike 1.6, ó sọ ọ́ ní de_bajulaiye, ó sì ní kí ẹgbẹ́ kọ ojú ìwé kan nípa rẹ̀ sórí Wikipedia èdè Yorùbá. Ariwo ta. Àwọn kan ní ìwé ìmọ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó eré ọmọdé sí. Èmi ò sọ ìyẹn ní tèmi o, mo kàn ní kò tíì tó àsìkò ni. Inú bí i. Ó ní, "Ìwọ tó ò ń pe ara ẹ ní lámèyítọ́, ṣé o ti wọ inú ẹ̀ rí?" Ojú tì mí, torí pé mi ò wọ̀ ọ́ rí. Mo gba fáìlì náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wà nínú ẹ̀, mo sì kú níbẹ̀ ju iye tí mo lè kà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti eré ọmọdé yẹn. Counter-Strike fúnra ẹ̀, iṣẹ́ àwọn olólùfẹ́ géèmù ni. Minh Le àti Jess Cliffe ló ṣe é ní 1999, wọ́n gbé e ka orí Half-Life tí í ṣe géèmù ilé-iṣẹ́ Valve. Ní 2000, Valve rà á. DotA náà, máàpù lásán ni níbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní Eul ló ṣe é ní 2003 pẹ̀lú irinṣẹ́ tó bá Warcraft III wá, àwọn ẹlòmíì sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe. Nígbà tó fi máa di 2011, Dota 2 tó jáde láti ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń du mílíọ̀nù kan dọ́là ní Jámánì. Ẹni tó bá ní kí irú nǹkan báyìí má wọ ìwé ìmọ̀, ó fẹ́ kọ ìtàn ọmọ láìdárúkọ ìyá ni.

Èyí tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni Dust II, tí Dave Johnston, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ṣe ní 2001, lẹ́yìn Dust àkọ́kọ́ tó ṣe ní 1999. Ó ní ojú ìwé tiẹ̀ lórí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tọ́ sí i. Kì í ṣe torí òkìkí nìkan. Ibi méjì ni wọ́n lè gbé bọ́m̀bù sí, A àti B. Ọ̀nà gígùn kan lọ sí A, ihò ṣókùnkùn kan lọ sí B, ọ̀nà àárín sì wà tó lè gbé èèyàn já síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ilẹ̀kùn kan wà ní àárín yẹn tí wọn ò pa dé tán. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹni tó gbé ìbọn AWP ti ń wo àlàfo ilẹ̀kùn yẹn, ẹni tó sì fẹ́ kọjá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Wákàtí kan péré, ẹ ò ní ṣìnà níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ibẹ̀ ò ní tán lára yín.

Ó wá kan de_bajulaiye. Títì kan ló là á já. A wà nínú àgbàlá ilé ìtẹ̀wé, níbi tí wọ́n to bébà ga ju èèyàn lọ (ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣómólú, ṣebí ẹ mọ̀ pé ilé ìtẹ̀wé ò jìnnà síra wọn níbẹ̀). B wà lẹ́yìn búkà. Gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, pákó ni wọ́n fi ṣe afárá lórí ẹ̀.

Nínú Counter-Strike, etí ń ṣiṣẹ́ tó ojú. Ẹni tó bá ń sáré, wọ́n á gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa wá gbé jẹ́ńẹ́rétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà A, ó ń dún gbùrùgbùrù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá dúró ti A láti ṣọ́ ọ, adití ni, ọ̀tá lè sáré wọlé bá a. Àmọ́ bó bá sún síwájú dé ẹ̀bá gọ́tà, á máa gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ ti ṣófo nìyẹn. Ṣé kí o dúró ti nǹkan tí ò ń ṣọ́ kí o má gbọ́ràn, àbí kí o fi í sílẹ̀ kí o lè gbọ́? Mi ò tíì rí èyí nínú máàpù mìíràn tí mo mọ̀. Ẹni tó ti kàwé ìdánwò nídìí jẹ́ńẹ́rétọ̀ aládùúgbò ló lè ro irú ẹ̀.

Àléébù ẹ̀ náà ò kéré. Títì yẹn gùn jù, ó sì tọ́ gbọọrọ. Ẹni tó bá ti gbé AWP dúró ní ìparí ẹ̀, ó ti di ọba. Mo ní kó fi dáńfó tó bàjẹ́ dí i, ó ní òun fẹ́ kí títì hàn láti orí dé ìdí. Ìyẹn tẹ́ni tó ń ya fọ́tò lọ́rùn, kò tẹ́ni tó ń ṣeré lọ́rùn. Búkà yẹn ńkọ́? Ó rẹwà, ó kù díẹ̀ kí n gbóòórùn ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí àwọn tó gbé bọ́m̀bù débi pé a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ rárá.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ìwé ìmọ̀. Òfin Wikipedia ni pé kí àwọn tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú oníṣẹ́ ti kọ̀wé nípa iṣẹ́ náà dáadáa, níbi tó ṣeé gbọ́kàn lé. Èyí tí mò ń kọ yìí ò kà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni mí, fọ́tòkọ́pì tí wọ́n fi pín-ìn-nì dè pọ̀ sì ni ìwé wa. Mi ò bínú sí òfin náà. Bí kò bá sí i, gbogbo ẹni tó ń du ipò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ì bá ti kọ ojú ìwé nípa ara ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin náà ò wúwo bákan náà lórí gbogbo èèyàn. A. O. Odeleye tẹ ìwé kan jáde lórí ayò ní 1977, ẹni tó bá ń kọ nípa ayò lè tọ́ka sí i. Ṣé ayò kì í ṣe ayò ní 1976 ni? Ní 2011, Achal Prabhala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan ní Íńdíà àti South Africa tí wọ́n pè ní People Are Knowledge. Ohùn àwọn èèyàn ni wọ́n gbà sílẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rí fún Wikipedia. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n bá pàdé ni dabba kali, eré tí àwọn ọmọdé ń ṣe ní Kerala, tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ láìsí pé ìwé kan sọ ọ́ fún wọn. Àríyànjiyàn lórí ẹ̀ kò kéré.

Nítorí náà, rárá mi ṣì dúró, àmọ́ ìdí ẹ̀ ti yí padà. Ní ìpàdé, mo rò pé máàpù náà ni kò tíì tó. Ní báyìí, mo rí i pé àwa tó ń pe ara wa ní òǹkọ̀wé la ò tíì ṣe tiwa. Johnston fúnra ẹ̀ ti kọ bó ṣe ṣe Dust sílẹ̀. Ta ló ti bi tiwa ní nǹkan kan? Mo lọ bi í nípa jẹ́ńẹ́rétọ̀ yẹn. Ó ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, táwọn bá ń ṣe bojúbojú, ẹ̀yìn jẹ́ńẹ́rétọ̀ ilé ìtẹ̀wé tó wà nítòsí lòun máa ń sá sí, torí pé ẹni tó ń wá wọn ò ní gbọ́ ẹ̀rín òun níbẹ̀.

Láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ ti kú nígbà kan, ó sì gbé àkọ́kọ́ àti ìkejì máàpù náà lọ. Ìkẹta ló ṣẹ́ kù, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì wà nínú flash mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó mú flash tiẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kó má gbà á lásán o, kó kọ ojú ewé kan wá fún àtẹ̀jáde tó kàn, kódà bó jẹ́ pé ó fẹ́ bú u ni.