Gbígbé Ọwọ́ Lé Ẹni Tí Yóò Kú: Àgbéyẹ̀wò Ìwé A Grief Observed

Nínú oṣù kẹta ọdún 1957, àlùfáà Áńgílíkà kan, Peter Bide, lọ sí ilé-ìwòsàn ní Oxford. Ó so C. S. Lewis àti Joy Davidman pọ̀ ní tọkọtaya lẹ́bàá ibùsùn àìsàn, ó gbé ọwọ́ lé obìnrin náà, ó sì gbàdúrà ìwòsàn. Àrùn jẹjẹrẹ ti wọ inú egungun rẹ̀, a kò sì retí pé yóò pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ó sì tún rìn. Ní ọdún 1959 àrùn náà padà. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1960.

Inú ọ̀fọ̀ náà ni Lewis ti kọ A Grief Observed, tó jáde ní 1961 lábẹ́ orúkọ àdàpè, N. W. Clerk. A gbà pé ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kà á, nítorí ìtàn tó bí i kò ṣàjèjì sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ẹ̀rí ìwòsàn a máa dé orí pẹpẹ. Ìròyìn pé àìsàn padà kì í sábà dé ibẹ̀.

Òtítọ́ inú ìwé náà ni agbára rẹ̀. Ní 1940, Lewis ti kọ The Problem of Pain, níbi tó ti fi ọgbọ́n ṣàlàyé ìdí tí Ọlọ́run fi gba ìrora láàyè. Nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, àlàyé náà kò tó o gbé mọ́. Ó ṣàròyé pé Ọlọ́run jìnnà sí òun lásìkò tí òun wá A jù lọ. Àwọn kan láàárín wa yóò pe èyí ní àìnígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni Sáàmù 88 parí sí, Ẹ̀mí Mímọ́ kò sì yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Lewis pàápàá kò dúró síbẹ̀: kí ìwé náà tó parí, ìyìn ti ń padà sí ẹnu rẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé náà ní àléébù méjì fún iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn. Èkíní, lẹ́yìn ikú ló bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sọ nípa bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó ń lọ: ta ni yóò jí fún un lóru, kí ni a ó sọ nígbà tó bá ní òun mọ̀ pé ọjọ́ òun ti pé? Èkejì, òun nìkan ló ṣọ̀fọ̀. Àwọn ènìyàn ń yẹra fún un nítorí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Tiwa yàtọ̀: èrò a kún ilé, wọn a ta àtíbàbà, wọn a wọ aṣọ ẹbí, lẹ́yìn ìsìnkú, ilé a dá wáí, opó a sì ku òun nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá jù ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ìyá fẹ́ sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà àti ẹni tí yóò mójú tó àbíkẹ́yìn, àwọn ọmọ a ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́, Mọ́mì, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Báyìí ni ìyá ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì lọ sí sàréè. Jákọ́bù pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó súre fún wọn, ó sì sọ ibi tí wọn yóò sin ín sí (Jẹ́nẹ́sísì 49). Ǹjẹ́ ìjọ wa ì bá jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ náà parí?

A kò yẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìwòsàn. Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ Hesekáyà; lẹ́yìn rẹ̀, Hesekáyà kú. Àìsàn ló pa Èlíṣà (2 Àwọn Ọba 13), síbẹ̀ egungun rẹ̀ jí òkú dìde. Ta ni yóò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré? Ọba Jóáṣì lọ bá a, ó sì sunkún lórí rẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe gba oògùn tó ń dín ìrora kù lọ́wọ́ aláìsàn ní orúkọ ìgbàgbọ́. UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń ṣe irú ìtọ́jú yìí. Ẹni tí ìrora fún lọ́rùn kò lè gbàdúrà dáadáa.

Fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ohun tó dára jù tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe ni ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó fa ìyà ni wọ́n bà á jẹ́. Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú kò ka ìbànújẹ́ léèwọ̀ nínú 1 Tẹsalóníkà 4. Ìbànújẹ́ tí kò ní ìrètí ló kọ̀.

Ìdájọ́ wa ni pé kí a fi ìwé Lewis kọ́ni bí àkọsílẹ̀ ọgbẹ́, kí a má sọ ọ́ di ìwé ìlànà. Kí olùṣọ́-àgùntàn tó gbé ọwọ́ lé aláìsàn ní ọjọ́ Àìkú padà lọ ní ọjọ́ Ajé, kí ó jókòó, kí ó sì bi í pé, "Mà, kí ni ẹ fẹ́ sọ?"