Iṣẹ́, Ipá àti Agbára: Lámèyítọ́ Èdè Ìperí Nínú Ìṣirò Físíìsì

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ètò náà fi hàn pé èdè Yorùbá tó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì í gbé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ bá ti dé orí ìṣirò físíìsì, àìsí ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìṣòro, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ru ẹrù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà ni 'agbára'. Ẹni tí ó ti ọkọ̀ lo agbára. Ẹni tí ó jẹun yó ní agbára. Ẹ́ńjìnnì tí ó tètè parí iṣẹ́ ní agbára. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni físíìsì ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí: Newton ni òṣùwọ̀n ti èkíní, Joule ni ti èkejì, Watt ni ti ẹ̀kẹta.

'Iṣẹ́' náà ní ìṣòro tirẹ̀. Alábàárù tí ó ru àpò ìrẹsì, tí ó dúró sójú kan de oníbàárà rẹ̀, ń làágùn. Síbẹ̀, lójú físíìsì, kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí àpò náà, nítorí pé àpò kò kúrò níbi tí ó wà. Làálàá ni tirẹ̀. Ipá tí a sọ di ìlọ́po ọ̀nà tí ẹrù rìn síhà ibi tí ipá náà kọjú sí ni iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo omi kìlógíráàmù 10 tí a rọra fà sókè, ní ìrìn kan náà, láti inú kànga tí ó jìn ní mítà 6. Ipá rẹ̀ jẹ́ 10 × 9.8, èyí tí í ṣe Newton 98; iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 98 × 6, èyí tí í ṣe Joule 588. Bí a bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 12 fà á, Watt 49 ni. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 6, Watt 98 ni. Iṣẹ́ kò yí padà. Ìyára rẹ̀ ni ó di ìlọ́po méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ láti pe Newton 98 àti Watt 98 ní 'agbára' yóò gbà pé ohun kan náà ni wọ́n. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹ̀bi èdè ìperí tí a fi kọ́ ọ ni.

Àṣìṣe yìí kò mọ sí yàrá ìdánwò. Kilowatt-hour tí mítà iná mànàmáná ń kà jẹ́ Joule 3,600,000. Àròpọ̀ iṣẹ́ ni oníná ń sanwó fún, kì í ṣe ìyára rẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí 'ipá' dúró fún ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á, kí 'agbára' dúró fún ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́, kí 'ìyára-iṣẹ́' sì gba ipò kẹta. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí gùn jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó gbé ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́: iṣẹ́ tí a fi àkókò pín. Ọ̀rọ̀ gígùn tí ó tọ́ka ọ̀nà sàn ju ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ó ṣini lọ́nà lọ.