Ilé Ń Wó, Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe?

Bí ọ̀rọ̀ Ilojo Bar bá délẹ̀, apá kan á ní àwọn onílé ló jẹ̀bi, apá kejì á ní kí la fẹ́ fi àlàpà ṣe. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò gbà fún apá kankan tán.

Ìta Tinúbú l'Ékòó ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wà. Ìdílé Fernandez ló kọ́kọ́ ni ín. 1855 ni wọ́n ní wọ́n kọ́ ọ. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á. Ní 1956, ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Sunday, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Kí ló wà lára rẹ̀ tí a fi ń kẹ́dùn? Ẹ rántí ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ tí orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, àti irin ọlọ́nà ara fàràńdà òkè. Iṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà nìyẹn. A kó wọn lẹ́rú lọ sí Brazil, wọ́n fi iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀ wálé. Ilé bẹ́ẹ̀, ìwé ìtàn ni.

Àwọn onílé ní ilé ti di ewu. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù kékeré: ẹni tí ògiri bá já lù lórí kò ní béèrè bóyá 1855 ni wọ́n mọ ọ́n. Ẹ sì má gbàgbé pé ilẹ̀ àárín ọjà Èkó, wúrà ni.

Ìjọba ńkọ́? Láti 1956 sí 2016, ọgọ́ta ọdún gbáko! Wọ́n ní kí onílé má fọwọ́ kan ilé, àfi bí ẹni tó ní kí o má ta ewúrẹ́ rẹ, tí kò sì fún ọ lówó koríko. Orúkọ ńlá kì í dí ihò òrùlé.

Síbẹ̀, wíwó tí wọ́n wó o kò dára. Ògiri tó sán ṣeé tún mọ. Ẹ wo Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí Àgùdà kan, João Baptista da Costa, kọ́, tí wọ́n ṣí ní 4 Júláì 1894. Ó ṣì dúró, wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀. Ilé tó lẹ́ni tó ń lò ó, tó sì lẹ́ni tó ń dáwó fún un, kì í tètè wó.

Nítorí náà, kí a tó gbé katapílà dé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè: ẹnjiníà tí kò jẹ nínú owó ilẹ̀ náà ti yẹ ilé ọ̀hún wò bí? Ṣé a kò lè dá ojú ilé sí, ká tún ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́? Ta ni yóò sanwó? Ìbéèrè kẹta yìí gan-an ni gbogbo wa ń sá fún. Bí ẹwà ilé bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, owó àtúnṣe rẹ̀ kò lè jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo. Kí ìjọba dín owó orí ilé wọn kù, kó sì bá wọn dá sí i.

Ìwọ̀nba ilé Àgùdà tó kù l'Ékòó, òjò ń pa wọ́n. Ìjọba tó bá tún fẹ́ kan pátákó mọ́ ọ̀kan nínú wọn, kó kọ́kọ́ gbé àpò símẹ́ńtì dání.