BLO, Jùjú àti Ojú Àwo Kan

Ní 1972, ẹgbẹ́ Yes láti ìlú Òyìnbó gbé Close to the Edge jáde. Orin kan ṣoṣo ló gba odindi ojú àkọ́kọ́ àwo náà, ó lé ní ìṣẹ́jú 18, àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì sì kà á sí ìgboyà ńlá. Lọ́dún kan náà ni Berkley Jones onígìtá, Laolu Akins onílù àti Mike Odumosu oníbáàsì dá BLO sílẹ̀ l'Ékòó, wọ́n fi lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn pe ẹgbẹ́ náà. Jones àti Akins ti bá Ginger Baker, onílù Cream, ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt. EMI gbé àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973, àwọn tó ń ṣa àwo àtijọ́ jọ lókè òkun kò sì yéé yìn ín títí dòní.

Àwo ńlá ni lóòótọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń yìn ín ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní ó tú orin sílẹ̀ lọ́wọ́ gígùn àtijọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí orin kan nínú rẹ̀ tó gba ojú àwo kan. Iyì rẹ̀ wà nínú àyè tí àwọn mẹ́ta fi sílẹ̀ fún ara wọn. Ẹ gbọ́ "Chant to Mother Earth": báàsì kò kánjú, gìtá ń dún títí yóò fi rọ lọ, Akins a sì panu mọ́ níbi tí onílù mìíràn ìbá ti da ọwọ́ bolẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gígùn orin, Erékùṣù Èkó ló yẹ ká ti bi í. Olówógbowó níbẹ̀ ni Túndé King, olórin jùjú, ti ń ṣeré. Nígbà tó kọrin sínú àwo fún Parlophone ní 1936, ojú kan rékọ́ọ̀dù ìgbà yẹn kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ta ni yóò ki olówó Èkó tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ó dájú pé àwo ló gé orin náà kúrú. Lóde àríyá, ìgbà tí onínàáwó bá tó ni eré ń tó. Àyìndé Bákàrè, ará Lafiaji, ti so gìtá jùjú mọ́ iná mànàmáná láti 1949. Nígbà tí àwo gígùn wá gbilẹ̀, Ebenezer Obey àti Sunny Adé ń so orin mọ́ orin títí ojú àwo yóò fi kún, oríkì ń wọnú òwe, gìtá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gángan. Ohun tí Yes ń fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, iṣẹ́ òòjọ́ ni níbí, àwọn èèyàn sì ń jó sí i. (Ẹni tó bá lè jó sí Close to the Edge, kó wá fi hàn mí.)

Phase II ti 1975 ṣì lágbára. Nígbà tí a máa fi dé Phase IV ní 1976, fọ́ńkì ti gba ilé, àyè tí mo ń wí yẹn sì ti kún. Akins ló mú un jáde padà, ṣùgbọ́n níbòmíràn: òun ló darí ìgbàsílẹ̀ àwo Ace fún Shina Peters, olórin jùjú, ní 1989. Eré yẹn yá ju ti Obey lọ fíìfíì, síbẹ̀ ìlù kan kò tẹ ìlù kejì mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n mú àwo kan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ Chapter One, Ace ni n ó mú, n ó fi Phase IV sílẹ̀.