Iṣẹ́ Ọnà Inú Ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè la fi ń mọ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Nínú Yorùbá, ẹ fi ṣé tàbí ǹjẹ́ síwájú gbólóhùn, ó parí. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àyè. She is cooking á di Is she cooking? Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ bíi is tàbí can tó lè bọ́ síwájú, do ni wọ́n máa ń bẹ̀ níṣẹ́: She sells fish á di Does she sell fish? Ẹ wo s ìdí sells, ó ti kó lọ sára does. Láyé Shakespeare, wọ́n ṣì lè béèrè láìlo do rárá.

Èyí tó wù mí jù ni ìbéèrè tí wọ́n ń so mọ́ ìdí gbólóhùn: You're coming, aren't you? Bí gbólóhùn bá gbà, ìrù rẹ̀ á kọ̀. Bó bá kọ̀, ìrù á gbà. Bí ohùn bá ròkè níbẹ̀, ẹni tó ń béèrè fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Bó bá wálẹ̀, ó ti mọ̀. Ẹni tó máa gbè é lẹ́sẹ̀ ló ń wá. Àwa tí àbí kan ṣoṣo tó fún, ẹ jẹ́ ká kan sáárá sí ẹni tó ń to ìrù wọ̀nyí lójú ẹsẹ̀ láìṣìnà.