Ilà Dúdú Lórí Tákàdá Funfun: Yíyan Kálàmù àti Tàdáwà Íńdíà Nínú Iṣẹ́ Ọnà Àwòrán

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí iṣẹ́ Twins Seven-Seven (1944–2011), ọmọ ẹgbẹ́ ayàwòrán Òṣogbo tí Georgina Beier kọ́ níṣẹ́ ní 1964, ohun tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ jù ni iwin, ẹbọra àti ẹranko abàmì tí ó kún inú àwòrán rẹ̀. Wọn a fi í wé Amos Tutùọlá, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ìfiwéra náà kò burú, ṣùgbọ́n kí olùwò tó rí iwin, ilà ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá pàdé. Bí ilà kò bá dúró, iwin kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí Robert Farris Thompson tẹ̀ jáde ní 1973 lórí bí Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ọnà, ìfarahàn wà lára òṣùwọ̀n tí àwọn tí ó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fi ń díwọ̀n ère: gbogbo ohun tí a fín sára ère gbọ́dọ̀ hàn kedere. Òṣùwọ̀n yìí bá àwòrán orí tákàdá náà mu, àfi pé níbi tí agbẹ́gilére ti ń lo ọ̀bẹ, kálàmù ni ayàwòrán ń lò. Lámèyítọ́ tí kò bá béèrè irú kálàmù àti irú tàdáwà tí a fi ṣe iṣẹ́, ìdajì iṣẹ́ ni ó wò.

Tàdáwà náà fúnra rẹ̀

Orúkọ Íńdíà tí a ń pe tàdáwà yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti ní ìtàn tí ó pẹ́ jù. Òwò tí ó gba Íńdíà kọjá ni àwọn ará Yúróòpù fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìyẹ̀fun dúdú tí èéfín máa ń fi sílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí a lọ̀ kúnná pẹ̀lú omi àti àtè tí a sè láti ara awọ tàbí egungun ẹran. Èyí tí omi kò lè wẹ̀ kúrò sábà máa ń ní shellac nínú, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi. Oje yìí gan-an sì ti Íńdíà wá lóòótọ́.

Nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ kéú tí ó ti kọ wàláà rí mọ tàdáwà tí a fi èédú ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti wàláà ni a ṣe kí omi lè fọ̀ ọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ ọ̀la yóò gba ipò ẹ̀kọ́ òní, omi ìfọ̀ rẹ̀ sì lè di hàǹtú. Tàdáwà oní-shellac kò gbọ́ ti omi mọ́ bí ó bá ti gbẹ. Olóólà tí ń fín kóló náà mọ̀ pé dúdú èéfín tí a fi ra ojú abẹ kì í ṣá, kódà lára ènìyàn tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọnà tí kò lówó lọ́wọ́ a máa fi báírò yàwòrán, èyí kò sì yẹ ní ohun tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ lè fi báírò dárà. Ṣùgbọ́n aró ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ báírò, ìmọ́lẹ̀ sì ń pa aró. Iṣẹ́ tí a gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yóò máa rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀, títí olówó rẹ̀ yóò fi rò pé ẹni tí ó yà á ni kò mọ iṣẹ́.

Ẹnu kálàmù àti ìwà ilà

Kálàmù onírin tí a ń tì bọ tàdáwà ni ó ní ẹ̀mí jù. Ẹnu rẹ̀ là sí méjì. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ẹnu náà a yà, ilà a sanra. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́, ilà a tín-ín-rín. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ tí ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ yóò dá ìṣesí yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kálàmù yìí kò gba ìkánjú: ó ń họ tákàdá tí ojú rẹ̀ kò dán, a sì máa tutọ́ dúdú síbi tí a kò rán an. Tákàdá nínípọn tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ ni ó bá a mu.

Rapidograph tí ilé-iṣẹ́ Rotring ti Jámánì gbé jáde ní 1953 jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ọ̀pá kékeré tí wáyà wà nínú rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀, ìwọ̀n ilà rẹ̀ kì í yí padà, ìbáà jẹ́ mìlímítà 0.25, 0.35 tàbí 0.5. Àwọn ayàwòrán ilé ni ó wúlò fún jù kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kí a gbé e dúró ṣánṣán, ó sì fẹ́ ìtọ́jú. Tàdáwà oní-shellac tí a kò ṣe fún un yóò gbẹ mọ́ ọn nínú, pàápàá nígbà ọyẹ́, fífọ̀ rẹ̀ a sì di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Gègé ìkọ̀wé lásán, èyí tí ń fa tàdáwà sínú, kò gbọdọ̀ rí irú tàdáwà bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ti àwọn tí a ń lò tí a sì ń sọnù, Pigma Micron tí Sakura ti Japan gbé jáde ní 1982 ni ó gbajúmọ̀ jù. Nọ́ńbà 005 rẹ̀ ń ya mìlímítà 0.20, 08 ń ya 0.50. Tàdáwà inú rẹ̀ kì í ṣá bí aró, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń jẹ tán lábẹ́ ọwọ́ wúwo.

Àwòrán méjì lè fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn. Nínú ọ̀wọ́ àwòrán Oja tí Uche Okeke (1933–2016) fi kálàmù àti tàdáwà yà ní 1962, ilà kò pọ̀; ó ń lọ́ bíi ti ùlì tí àwọn obìnrin Ìgbò ń kùn sára, funfun tákàdá sì ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kò sí ibi tí ọwọ́ gbígbọ̀n lè sá pamọ́ sí níbẹ̀. Twins Seven-Seven kò fẹ́ àyè funfun. Ó ń fi ilà wẹ́wẹ́ àti àmì tó-tò-tó kún ara ẹranko títí àyè yóò fi tán, ó sì ń fi àwọ̀ kún un. Irú iṣẹ́ yìí ni tàdáwà tí omi kò lè wẹ̀ ti di dandan, nítorí bí búrọ́ọ̀ṣì olómi bá kan ilà tí kò gbà, gbogbo iṣẹ́ a di ẹrẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ra èyí tàbí èyí, ó yẹ kí ó bi í bóyá funfun ni yóò fi sọ̀rọ̀ tàbí ilà, àti bóyá àwọ̀ yóò tẹ̀ lé e.

Kálàmù onírin ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ NCE, nítorí òun ni ó ń tú àṣírí ọwọ́ lílé. Rapidograph lè dúró di ìgbà tí ọwọ́ bá rọ̀. Ní ti tàdáwà, ohun tí a kọ sára ìgò kò tó. Kí a ya ilà márùn-ún sórí tákàdá, kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì olómi kọjá lórí méjì. Kí a wá fi ìwé bo ìdajì àwọn mẹ́ta tó kù, kí a gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, kí a má ṣe ṣí i títí sáà ẹ̀kọ́ yóò fi parí.