Ẹbọ Lójú Òyìnbó, Ẹbọ Lẹ́nu Wa: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Kan Tí A Fi Ń Kọ́ni

Ìfáárà

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń bá pàdé lábẹ́ ẹ̀kọ́ àṣà àti ìṣe Yorùbá, ẹbọ wà lára àwọn tí ó máa ń fún olùkọ́ ní ìṣòro jù lọ. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ ni pé ẹbọ ni ẹran tí àwọn abọ̀rìṣà ń pa nítorí ìbẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà lè kọrin nípa ẹbọ Jésù ní ṣọ́ọ̀ṣì láìfura pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni ó ni ìdáhùn yẹn. Inú ìwé àwọn Òyìnbó àtijọ́ ni ó ti ṣẹ̀. A óò tọ ipa rẹ̀, a óò sì sọ ohun tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti olùdánwò ṣe.

Ìjà tí wọ́n gbé wá láti ilé

Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń kọ̀wé nípa ẹbọ ẹ̀yà mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹbọ ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn fúnra wọn. Martin Luther sọ pé Mísà kì í ṣe ẹbọ. Ní 1562, ìgbìmọ̀ ìjọ Àgùdà tí ó jókòó ní Trent dáhùn pé ẹbọ tòótọ́ ni. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń ṣàpèjúwe ẹbọ àjèjì lè máa fi bú ọ̀tá rẹ̀ tí ó wà nílé.

Àpẹẹrẹ kan ni Willem Bosman, oníṣòwò ará Họ́láǹdì tí ó lo ọdún 14 ní etíkun Gíní. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1704, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1705. Ó sọ nípa òjòlá tí wọ́n ń bọ ní ìlú Whydah, tí ó wà lára orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ó ka owó, aṣọ àti ẹran tí ọba ń fi ránṣẹ́ sí ilé òjòlá náà, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sí ọgbọ́n àwọn àwòrò láti fi jẹun. Ojú oníṣòwò ni ó fi wò ó: ó mọ iye ohun tí ó wọlé, kò mọ ìdí tí ó fi wọlé. Níbòmíràn nínú ìwé náà, ó ní bí a bá fẹ́ sọ àwọn ènìyàn dúdú di onígbàgbọ́, yóò rọ ìjọ Àgùdà lọ́rùn jù, nítorí pé àwọn náà ní oúnjẹ tí wọn kì í jẹ ní àkókò kan. Ẹ̀gàn sí àwọn Àgùdà ni èyí; kò kọ́ wa ní ohunkóhun nípa ẹbọ. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Kò yẹ kí a sọ pé gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú àríyànjiyàn tí ó wáyé ní Valladolid ní 1550 sí 1551, Bíṣọ́ọ̀bù Las Casas sọ pé àwọn ará Mẹ́síkò tí ń fi ènìyàn rúbọ fẹ́ fún Ọlọ́run ní ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ ni. Kò fara mọ́ pípa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó wá ìdí rẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu pé ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń rú ẹbọ Mísà ni ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú Bosman ni ó tàn kálẹ̀ jù. Àwọn Potogí ni ó ti kọ́kọ́ ń pe ohun tí àwọn ènìyàn dúdú ń bọ ní feitiço, èyí tí ó túmọ̀ sí oògùn àtọwọ́dá. Ní 1760, Charles de Brosses ará Faransé sọ ọ̀rọ̀ náà di orúkọ fún odindi ẹ̀sìn kan, inú ìwé Bosman sì wà lára ibi tí ó ti kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ. Ní 1926, nígbà tí Farrow tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Yorùbá jáde, ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nínú àkọlé rẹ̀. Ó sì ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: ẹbọ ènìyàn wà lára àwíjàre tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun tí wọ́n gbé lọ sí Ìbíní ní 1897 gbè.

Ohun tí Bíbélì Yorùbá jẹ́rìí sí

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n wá orúkọ fún ohun tí àwọn Júù ń ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti yá àlùfáà. Ṣùgbọ́n wọn kò yá sàráà. Ẹbọ ni wọ́n mú. Bí a ṣe ní ẹbọ sísun, ẹbọ àlàáfíà àti ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, tí a sì ní ètùtù pẹ̀lú. Àwọn Àgùdà náà ń pe tiwọn ní Ẹbọ Mísà.

Ẹ̀rí ńlá ni èyí. Bí ẹbọ bá jẹ́ ìbẹ̀rù àti ìtànjẹ lásán bí Bosman ti wí, kò lè gba gbogbo Ìwé Léfítíkù sínú. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ náà ní àléébù kan: ó gbé ẹbọ wọ tẹ́ńpìlì, ó sì ti òrìṣà síta, nítorí òrìṣà ni ó fi pe àwọn ère tí Ọlọ́run kórìíra. Láti ìgbà náà ni ẹbọ ti ní iyì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó sì di ìtìjú lójúbọ.

Ìwé Bọ́lájí Ìdòwú (1962) àti ti Awólàlú (1979) tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe. Wọ́n fi hàn pé ẹbọ ọpẹ́ wà, ẹbọ ẹ̀jẹ́ wà, ẹbọ ìpìlẹ̀ sì wà, pé kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan. Síbẹ̀, ìpín wọn fẹ́ jọ ti ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítì: ìdí tí a fi rú ẹbọ ni ó gbé síwájú, ìtàn ìlú tí ó ni ẹbọ náà kì í sì í hàn dáadáa.

Àpẹẹrẹ láti Ìrè

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìrè, nítòsí Ọ̀yẹ́, ní apá àríwá Èkìtì wa yìí. Ìtàn sọ pé Ògún dé bá àwọn ènìyàn ní ibi àpèjọ tí a kì í ti í sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kí i. Kèrègbè ẹmu tí ó gbé, òfìfo ni. Ó bínú, ó fi idà pa wọ́n, lẹ́yìn náà ó kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbé ẹmu síwájú Ògún, ẹni tí ó ní ojú Bosman yóò pè é ní owó ìbẹ̀rù. Ẹni tí ó mọ ìtàn yóò rí i pé kèrègbè òfìfo ni a ń kún, àti pé ìkíni tí a jẹ Ògún ní gbèsè ni a ń san. Bí a bá sì pa ajá, a kì í gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn olùbọ máa ń pín in jẹ.

Ìkádìí

Àbá mẹ́ta ni a ní. Èkíní, kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ya rírú ẹbọ, bíbọ òrìṣà, ṣíṣe ètùtù àti gbígbé ìpèsè sọ́tọ̀. Èkejì, kí ìbéèrè ìdánwò béèrè ẹni tí ó rú u, ohun tí ó fi rú u, ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ọn àti ẹni tí ó jẹ ẹ́. Bí a bá ní kí wọ́n kọ àléébù ẹbọ nìkan, Bosman ni a tún ń fún ní máàkì. Ẹ̀kẹta, kí a má fi òótọ́ pa mọ́: wọ́n fi ènìyàn rúbọ nílẹ̀ yìí láyé àtijọ́, kò sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ìdí rẹ̀ bí Las Casas ti béèrè.

Olùkọ́ tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí lè ṣe gbogbo èyí láìbọ òrìṣà kankan. Èdè Yorùbá ni a gbà wá sí iṣẹ́ láti kọ́ni. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá sì fi pe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lójú rẹ̀, kò yẹ kí a fi ẹ̀gàn àjèjì túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá.